Ọ̀fun sínkì tó dí nígbà ọyẹ́: àkọsílẹ̀ nípa òróró àlòkù nínú ilé ayálégbé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé náà wà ní apá Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Yàrá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ilé ìdáná kan ni gbogbo wọn jọ ń lò, sínkì kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Páìpù onínṣì méjì ló ń gbé omi kúrò lábẹ́ sínkì. Ó gba abẹ́ ògiri kọjá, ó rìn tó mítà mẹ́rin nínú ilẹ̀ kó tó já sí ṣáńbà, ìyẹn ihò onígun mẹ́rin tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú. Láti ibẹ̀, páìpù onínṣì mẹ́rin ń gbé omi lọ sí sókàwé, ìyẹn ihò tí ilẹ̀ ti ń mu omi, lẹ́yìn ilé. Omi ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, ilé ìgbẹ́ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kànga ilé náà kò ju mítà 18 lọ sí sókàwé yìí, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló wà ní yàrá mẹ́ta, télọ̀ kan wà ní ọ̀kan, tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọ méjì wà ní ọ̀kan, ìyá onídùndún sì wà ní yàrá iwájú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ìyá yìí ti ń dín dùndún àti wàrà nírọ̀lẹ́. Òróró lítà mẹ́ta ni wọ́n ń dà sínú agbada, bó bá ń lọ sílẹ̀ wọ́n á fi tuntun kún un. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tí òróró ti dúdú, wọ́n á gbé agbada wọlé, wọ́n á sì da èyí tó kù nísàlẹ̀ sínú sínkì. Ó máa ń tó lítà kan àtààbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ìyẹn lítà mẹ́ta lọ́sẹ̀, bíi 12 lóṣù. Nígbà tí ìyá yìí pé oṣù mẹ́jọ nínú ilé náà ni wàhálà dé. Ẹ ṣírò ó wò: ó sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin tó ti gba ọ̀fun kan náà wọlẹ̀.

Àmì ti wà tipẹ́. Láti oṣù kọkànlá ni omi ti ń falẹ̀ nínú sínkì, tó ń dún gbùgbù-gbùgbù kó tó lọ, tí òórùn ọṣẹ tó ti bàjẹ́ sì ń ti ọ̀fun páìpù jáde láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ le jù, ìyá àwọn ọmọ méjì yẹn fọ ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò láàárọ̀, omi rẹ̀ kò sì lọ mọ́ rárá. Ó dúró nínú sínkì, epo pupa léfòó lójú rẹ̀, ó sì ń dì mọ́ etí sínkì bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Omi gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ sáré dà sí i, kẹ́tùrù kan gbáko, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ẹ̀kúnwọ́ kan. Sínkì gbẹ̀mí. Ọjọ́ kẹta, ó tún dí, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Omi gbígbóná yọ́ ọ̀rá tó wà nítòsí, ó sì gbé e lọ síwájú. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ tutù, omi náà kì í rìn ju mítà kan tàbí méjì lọ kó tó pàdánù ooru rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rá á sì tún dì sí. Ohun tí ọwọ́ ì bá tó lábẹ́ sínkì ti wá bọ́ sí ibi tí ọwọ́ kò tó. Ti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú náà kò yàtọ̀. Ó ń gé epo sí wẹ́wẹ́ kí omi lè gbé e, àmọ́ bí omi bá pọ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ sì tutù, àwọn ẹ̀kán epo náà á tún so pọ̀.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe léwu ju ìyẹn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bu kọ́síìkì sódà ife tíì kan sínú ọ̀fun sínkì, ó sì da omi gbígbóná lé e lórí. Kọ́síìkì fúnra rẹ̀ máa ń gbóná gan-an bí omi bá kàn án, ìgbà tí omi gbígbóná wá bá a, ṣe ló ru sókè. Ó ta sí ògiri, ó ṣí ọ̀dà ògiri náà sílẹ̀. Orí ló kó ojú ọmọ náà yọ. Nínú páìpù ńkọ́? Ọ̀rá pẹ̀lú kọ́síìkì, ọṣẹ ni. Ọṣẹ ni wọ́n sè sínú páìpù, ọṣẹ tí kò jinná, tó wá dì pa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹlòmíràn tiẹ̀ mú àbá omi bátìrì wá, bàbá onílé ló kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Bí ásíìdì bá bá kọ́síìkì tó ṣì wà nínú páìpù, yóò hó, yóò sì ta. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ásíìdì máa ń sọ ọṣẹ padà di ọ̀rá ni, a jẹ́ pé wọn ì bá kàn padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Púlọ́ḿbà tó dé lẹ́yìn náà kò da nǹkankan sí i. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gé páìpù níbi élíbò tó wọ ṣáńbà, ó sì gbé èyí tó gé sójú oòrùn kí gbogbo ilé wò ó. Páìpù tó yẹ kí ìka mẹ́ta wọ̀ pọ̀, ihò tó kù láàárín rẹ̀ kò ju ìdí bírò lọ. Ọ̀rá náà tò yí ihò yìí ká ní ìpele-ìpele: ìpele pípọ́n, ìpele tó funfun bí ògì, ìpele dúdú tó kún fún èérún dùndún, irun kànǹkàn àti hóró ìrẹsì. Nígbà tó fi ọ̀bẹ ha á, èyí tó wà lápá òkè rọ̀ bí òrí. Èyí tó wà nísàlẹ̀, lápá ibi tó kan sìmẹ́ńtì ṣáńbà, ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹfun.

Bó ṣe dà bí ẹfun yẹn ní ìtumọ̀. Òróró tí iná ti pa lọ́pọ̀ ìgbà, tí omi ara iṣu àti ti wàrà sì ti kán sí, máa ń kan, ásíìdì ọ̀rá á pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ásíìdì yìí bá pàdé kálísíọ́ọ̀mù tó ń jáde lára sìmẹ́ńtì, wọ́n á di irú ọṣẹ kan tí kì í hó, tí omi gbígbóná kò sì lè yọ́. Ìdí nìyẹn tí ṣáńbà fi máa ń di òkúta nínú ju páìpù lọ, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ́ tàbí ṣísẹ́ẹ̀lì nìkan ni í ká a.

Ojú gbogbo ilé yí sí ìyá onídùndún. Bàbá onílé ní, “Ìyá, òróró yín yìí mà ni o.” Ìyá dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ń dà á lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo pupa inú páìpù yẹn, èmi kì í fi epo pupa dín nǹkan.”

Ọ̀rọ̀ ìyá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó kéré tán dé ìdajì. Òróró tí à ń rà lọ́jà kì í sábà dì ní ìwọ̀n otútù tí à ń rí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kódà nígbà ọyẹ́, ó kàn lè dàrú díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò ni. Epo pupa kì í yọ́ tán pátápátá àfi bí ooru bá tó nǹkan bíi digírì 35. Ẹni tó bá ti gbé ìgò epo pupa sílẹ̀ lóru oṣù kìn-ín-ní, tó sì fẹ́ dà á láàárọ̀, mọ̀ pé ṣíbí ni yóò fi wà á. Epo pupa ló kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù, òun ló ń di ilẹ̀ tí òróró àti èérún ń dúró lé. Inú ìkòkò ọbẹ̀, agbada ata díndín, àwo àmàlà, ibẹ̀ ló ti ń wá, yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ń fọ̀ ọ́ sínú sínkì. Ṣíbí ìjẹun kan gba mílílítà 15. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ń fi ìwọ̀n ṣíbí kan ránṣẹ́ sínú páìpù lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́ta lóṣù, láìsí ẹni tó rò pé òun da epo nù. Àwọn àgbà máa ń wí pé epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́. Nínú ilé yìí, gbogbo wọn ló ru epo, gbogbo wọn náà ló ru yangí.

Àtúnṣe páìpù gba ọjọ́ kan. Wọ́n pààrọ̀ mítà kan àtààbọ̀ tó burú jù, wọ́n fi wáyà gígùn tó ní ìwọ̀ lórí ha èyí tó kù láti apá ṣáńbà wá sápá sínkì. Wọn kò da omi sí i nígbà tí wọ́n ń ha á, kí ọ̀rá má baà ṣàn lọ sókàwé. Dípò élíbò tó ṣẹ́ kọ̀ọ́dọ́, bẹ́ǹdì onídigírì 45 méjì ni wọ́n lò, nítorí ibi tí omi bá ti ṣẹ́rí lójijì ni ọ̀rá ti ń rí ààyè jókòó. Wọ́n tún wo bí páìpù ṣe dagun: mítà kọ̀ọ̀kan yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10 fún mítà mẹ́rin. Ti tẹ́lẹ̀ kò tó ìdajì èyí. Ọ̀rá tí wọ́n kó jáde nínú páìpù àti ṣáńbà kún rọ́bà péńtì onílítà mẹ́rin márùn-ún. Wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun pákó láti sọ́-míìlì, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n sì kó o fún àwọn tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́.

Sókàwé ló wá bani lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀rá tó léfòó lójú omi nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ara ògiri ihò náà sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Iṣẹ́ sókàwé ni kí ilẹ̀ mu omi. Bí ọ̀rá bá ti dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀, omi á dúró, á máa ga sókè, á wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà mìíràn yẹn sì lè jẹ́ apá kànga. Mítà 15 sí 30 ni wọ́n sábà ń ní kó wà láàárín kànga àti sókàwé. Mítà 18 wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n bí sókàwé bá kún, mítà 18 kò tó fi ọkàn balẹ̀ sí, pàápàá ní àdúgbò tí àpáta kò jìnnà sílẹ̀, tí omi kò sì rí ibi wọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Wọ́n bu ọ̀rá náà kúrò, wọ́n ha ara ògiri rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa se omi kànga yẹn kí wọ́n tó mu ún.

Níbi tí a dé yìí ni ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ti wáyé: bí kò bá sí sínkì, níbo la ó wá da òróró sí? Gọ́tà ni télọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. Gọ́tà kì í jẹ nǹkan, ṣe ló ń gbé e lọ. Bí òjò bá rọ̀, odò ni yóò gbé e dé, òróró á tẹ́ pẹẹrẹ lójú omi, á sì dí afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ṣálángá? Á léfòó níbẹ̀ bó ṣe léfòó nínú sókàwé, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ ìdọ̀tí kì í sì rí i ṣe kíákíá. Ìdí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé? Lítà kan àtààbọ̀ lójú kan á bo ilẹ̀ pa, omi kò ní wọlẹ̀, gbòǹgbò kò ní mí, èèrà àti eku á sì kó dé. Igi máńgòrò tí Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń yangàn kò ṣẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀.

Ìpinnu tí ilé náà ṣe kò gùn: omi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa kan epo. Nù ún ná, kó o tó fọ̀ ọ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́, bébà tí wọ́n fi pọ́n dùndún, tàbí háhá àgbàdo gbígbẹ ni wọ́n ń fi nu ìkòkò àti àwo. Háhá dára ju bébà lọ fún ìkòkò ọbẹ̀, nítorí ó ń ha ìdí ìkòkò bó ṣe ń mu epo. Kí ìkòkò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o: bó bá gbóná jù, ọwọ́ á jó, bó bá tutù, epo pupa á ti dì. Ohun tí wọ́n fi nù ún ń lọ sínú rọ́bà kékeré tó ní ìdérí, wọ́n sì ń dà á nù lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ di ọjọ́ kẹta, aáyán ló kọ́kọ́ mọ̀. Àkísà aṣọ tó ti mu òróró kò yẹ ní kíkó jọ gègèrè sí ibi tó móoru, torí òróró tó tẹ́ sára aṣọ lè máa gbóná fúnra rẹ̀ débi tí iná á fi ràn. Kí wọ́n sá a lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ti ìyá onídùndún gba ètò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró tí à ń fi dín nǹkan máa ń gbóná tó digírì 170 sí 190. Ike ìgò omi máa ń sún kì bó bá ti ju digírì 70 tàbí 80 lọ, kẹ́ẹ̀gì náà kì í fara da 130. Ẹni tó bá bu òróró lórí iná sínú ike, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bu ú lé. Agbada irin tó gbé lítà kan àtààbọ̀ ń fẹ́ bíi wákàtí méjì kó tó ṣeé gbá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé e kí ọmọdé má baà débẹ̀. Bí òróró bá gbiná lórí ààrò, kí wọ́n pa iná ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi ìdérí irin tàbí páànù bò ó, kí wọ́n má gbé e, kí wọ́n má sì bu omi sí i. Ìṣẹ́jú kan náà ni omi yẹn á di ooru, á sì fọ́n òróró tó ń jó káàkiri ilé ìdáná.

Lẹ́yìn tó bá tutù, wọ́n á jẹ́ kó sinmi di àárọ̀ kí èérún rọlẹ̀. Wọ́n á wá da òkè rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, nínú àrọ tí wọ́n tẹ́ aṣọ kàlíkò ìṣẹ́po méjì sí. Àrọ tí wọ́n ti fi rọ kẹrosíìnì rí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ agbada kò wọ kẹ́ẹ̀gì, inú ìyẹ̀fun pákó ló ń lọ. Omi kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé rárá, ó ń mú kí òróró rùn nínú kẹ́ẹ̀gì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Epo pupa àlòkù ní ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó yẹ ká sọ ìgbà tí òróró parí iṣẹ́ rẹ̀, torí àwọn kan ń dà á nù kó tó tó àkókò, àwọn kan sì ń lò ó kọjá àkókò rẹ̀. Bó bá ń rú èéfín kí ohun tí à ń dín tó wọ̀ ọ́, bí ìfófòó rẹ̀ kò bá tètè rọlẹ̀, bó bá ń fà lọ́wọ́ bí oyin, bí dùndún bá ń pọ́n lẹ́yìn kíákíá tí inú rẹ̀ kò sì jinná, ó ti tán. Wàrà àti àkàrà tètè ń ba òróró jẹ́ ju iṣu lọ, nítorí omi àti iyọ̀ tó wà lára wọn. Nígbà tí ìyá onídùndún ya agbada wàrà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìgbákọ oníhò kó èérún kúrò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dín abọ́ kan tán, òróró dùndún wọn ń lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Lítà tí wọ́n ń dà nù dín kù láìjẹ́ pé wọ́n fi ìyà jẹ oníbàárà.

Èyí tó kéré, bí ìwọ̀n ife kan sí lítà kan, ìyẹ̀fun pákó ló rọrùn jù fún un. Lítà òróró kan ń gbà tó lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ. Wọ́n á pò ó títí tí yóò fi rí bíi gààrí tí wọ́n ta omi sí díẹ̀, tí kò ní kán bí wọ́n bá fún un lọ́wọ́. Bó bá ṣì ń kán, kí wọ́n fi kún un, torí nínú nylon ni yóò ti jò sára ẹni tó gbé e. Eérú ààrò ṣeé lò bí pákó kò bá sí, èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ dáadáa náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ ń pe ewúrẹ́. Wọ́n á dì í, wọ́n á sì kó o pẹ̀lú ìdọ̀tí yòókù. Ìyá onídùndún ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún dídá iná igi, ṣíbí mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Èyí kì í ṣe ohun tuntun, ohun tí ihá ẹyìn ń ṣe nínú ògùṣọ̀ nìyẹn. Nínú fìtílà pẹ̀lú, òróró àlòkù tí a sẹ́ dáadáa ń jó, àmọ́ kò tètè gun òwú bíi kẹrosíìnì, nítorí náà kí ojú òwú má jìnnà sí ojú òróró ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ.

Ọṣẹ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ tán. Kọ́síìkì kan náà tó ba páìpù jẹ́ ló ń ṣe é, nítorí náà ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Fún òróró kílò kan, ìyẹn lítà kan pẹ̀lú díẹ̀ lé, wọ́n ń lo kọ́síìkì sódà gíráàmù 125 àti omi gíráàmù 300. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ife àti ṣíbí kò ṣeé gbára lé. Ìwọ̀n yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ́síìkì dín díẹ̀, kí òróró díẹ̀ ṣẹ́kù, kí ọṣẹ má baà jó ọwọ́. Bí òróró bá ń rùn iṣu jíjó, wọ́n á kọ́kọ́ se é pẹ̀lú omi iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì fa omi ìsàlẹ̀ kúrò.

Kọ́síìkì ni à ń dà sínú omi tútù, díẹ̀díẹ̀, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú. A kì í da omi lé kọ́síìkì, ẹni tó bá rántí ògiri tó ṣí ọ̀dà yẹn mọ ìdí. Ike tó nípọn tàbí abọ́ tánganran ló yẹ. Ìkòkò alumíníọ́mù, irú èyí tí wọ́n ń yọ́ agolo ṣe, kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, kọ́síìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tó ń jáde sì ń gbiná. Bí omi kọ́síìkì bá ti rọlẹ̀ sí bíi digírì 40, tí abọ́ rẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, wọ́n á da á sínú òróró bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa fi igi rò ó. Òróró àlòkù ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Nígbà tí ipa ọmọrogùn bá ń hàn lójú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki, ó ti tó. Wọ́n á da á sínú páálí tí wọ́n tẹ́ nylon sí, wọ́n á dé e fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á gé e, wọ́n á sì tò ó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ọṣẹ ìgbà àkọ́kọ́ kò dì. Kọ́síìkì tí wọ́n rà ti wà ní ṣíṣí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, gíráàmù 125 tí wọ́n wọ̀n kò sì jẹ́ 125 mọ́. Tuntun tó wà nínú ike pípadé ló ṣe é. Aṣọ, ilẹ̀ àti ìdí ìkòkò ni ọṣẹ yìí wà fún, kì í ṣe ti ojú. Kọ́síìkì tó bá ṣẹ́kù, inú àpótí tí wọ́n tì ní kọ́kọ́rọ́ ni, kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ìgò ohun mímu nínú ilé tó lọ́mọdé. Bó bá ta síni lára, omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́.

Àwọn tó ń ra òróró àlòkù máa ń wá bí kẹ́ẹ̀gì bá ti ń pọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọṣẹ tàbí epo ẹ̀rọ, kò burú, bí a kò bá ti po ọ́ìlì ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń béèrè bóyá ó ṣì mọ́, tó ní òun yóò sẹ́ ẹ, òun yóò sì mú un funfun, kí wọ́n má tà á fún un. Àwọ̀ lásán ni ìyẹn ń mú kúrò, ohun tí iná ti ṣe sí inú òróró wà níbẹ̀ digbí. Àwọn ọmọ ilé náà fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ÀLÒKÙ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì wọn.

Ó ku ohun tí nínù kò lè mú tán. Fún ìyẹn, wọ́n ṣe apẹ ìgba-ọ̀rá sí àárín sínkì àti ṣáńbà: ike ńlá onílítà 60 tó ní ìdérí, tí wọ́n ri ìlàjì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi ń wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà 10 sí etí rẹ̀. Ó ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ihò ìjáde sì fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ sílẹ̀ ju ti ìwọlé lọ. Òróró á léfòó, èérún á rì, omi àárín nìkan ló yẹ kó jáde. Púlọ́ḿbà fi páìpù gbọọrọ sí ìjáde nígbà àkọ́kọ́, láìfi páìpù T sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣáńbà tún ń yọ̀, nítorí ojú omi gan-an, níbi tí òróró wà, ni ihò náà ti ń fa omi. Wọ́n wá fi T sínú ike níbi ìjáde: ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi lọ títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìsàlẹ̀ ike, òkè rẹ̀ wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá gùn jù, yóò máa fa iyanrìn àti èérún. Ike tó kéré ju lítà 50 kò wúlò fún ilé yàrá mẹ́fà, torí bí wọ́n bá da abọ́ ìfọṣọ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á ru pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi gbígbóná: bó bá wọ ibẹ̀, yóò yọ́ ọ̀rá tó ti dì kọjá lọ.

Àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣí i, yàrá kan lọ́sẹ̀ kan. Abọ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń rẹ́ ọ̀rá lójú omi sínú ìyẹ̀fun pákó. Ní oṣù kìn-ín-ní tó tẹ̀lé e, tí epo tún dì nínú ìgò, ohun tí wọ́n ń rẹ́ kúrò lọ́sẹ̀ kan kò ju ife tíì méjì lọ, àyàfi ọ̀sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé láti ìsinmi, tó kún rọ́bà péńtì dé ìdajì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ló da òróró adìẹ díndín sí sínkì, kò sẹ́ni tó ti bá a sọ ọ́. Wọ́n fi rọ́bà háhá àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ sínkì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ti wà látẹ̀yìnwá, níbi tí àlejò kò lè rí i.